Yógà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti Ìrun Wa Tí Ó Ń Sáré

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́dún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ ilé-kéwú nínú yógà. Àwa náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò kàn wá. Ìyá kan nínú ìjọ wa ni ó gbé e dé iwájú wa, ọ̀nà tí a sì gbà dá a lóhùn ni ó jẹ́ kí a máa kọ ìwé yìí.

Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lo oògùn sí. Nígbà tí ó bá forí kanlẹ̀ nínú ìrun, kí ó tó lè dìde, ó di kí ó fi ọwọ́ mú ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó gba àga, ó ń kírun lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀wọ́ àwọn obìnrin. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, níbi tí obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní yógà, èyí tí a ń ṣe ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀, láìsáré, láìfo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nínú yàrá rẹ̀ lórí ẹní, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó gbé àga náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bọ́ sínú ọ̀wọ́, ó forí kanlẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Inú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù dùn, wọ́n béèrè oògùn tí ó lò. Ó sọ fún wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ìbọ̀rìṣà àwọn ará Íńdíà ni, pé gbogbo ìrun tí ó kí láàárín oṣù mẹ́ta náà ti bàjẹ́. Ìyá náà wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àlàásárì pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo ti ṣẹbọ ni?"

A jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí pé ìdáhùn wa ọjọ́ náà kù díẹ̀ káàtó. A kò béèrè ohun tí ó ń ṣe. A kò béèrè ohun tí ó ń sọ lẹ́nu nígbà tí ó ń ṣe é. A gbọ́ Íńdíà, a gbọ́ yógà, a ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tọrọ àforíjìn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ. Kò pé oṣù méjì tí a tún rí wọn lórí àga. Àga yẹn ni ó lé wa wọ inú ìwé, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ẹnu yọ nǹkan kúrò lọ́wọ́ aláìsàn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó yọ.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti wá, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ó pẹ́ púpọ̀ kí a tó bí Ànábì wa. Èdè Sanskrit ni ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ sì ni kí a so nǹkan pọ̀, bí a ti ń fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ọ̀nà ìjọsìn ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà pé ẹ̀mí fi ń bọ́ kúrò nínú àtúnwá sáyé léraléra. A kò gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ẹ̀sìn kankan nínú yógà kò tíì kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Ìwé àtijọ́ wọn tí ó lókìkí jù lọ lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n so mọ́ orúkọ Patanjali, gbólóhùn díẹ̀ péré ni ó sọ nípa bí ara yóò ṣe jókòó. Ìyókù jẹ́ nípa ọkàn. Títẹ̀ àti nínà ara tí ayé mọ̀ sí yógà lónìí, àwọn olùkọ́ bíi Krishnamacharya ní ìlú Mysore ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ gbòòrò. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Iyengar, sì tẹ ìwé kan jáde ní 1966 tí ó gbé e dé ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Èyí tí ìyá wa ń ṣe tún kéré sí èyí lọ́jọ́ orí: wọ́n ń pè é ní yógà Yin, Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀. Ohun méjì ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ọ̀nà ẹ̀sìn àti ìdárayá. A kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí ìyá náà wá bá wa.

Ohun tí ó dójú tì wá jù ni èyí. Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ lórí wàláà, tí a ka Nahwu àti Sarfu fún ọdún gbọọrọ, a rò pé ọ̀rọ̀ yógà kò sí nínú ìwé Lárúbáwá. Àṣé ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Abu Rayhan al-Biruni, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tí a bí ní 973 ní ilẹ̀ Khwarazm, tí ó sì gbé ní Ghazna láyé Sultan Mahmud, kọ́ èdè Sanskrit, ó sì yí ìwé Patanjali yìí sí èdè Lárúbáwá. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní Istanbul, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Ritter sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956. Al-Biruni kò di Híńdù nítorí rẹ̀. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Íńdíà, ní nǹkan bí 1030, ó ṣàlàyé pé òun kò kọ ọ́ láti bá wọn jà, pé ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni òun ń sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbà á. Ó fi ọdún púpọ̀ wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwa kò fi ìṣẹ́jú márùn-ún wádìí.

Àwọn ìgbìmọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn náà ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láyé òde òní. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà orílẹ̀-èdè Malaysia sọ pé yógà tí ó da ìdárayá pọ̀ mọ́ ẹ̀sìn, tí ó ní ọfọ̀ kíké àti wíwá ọ̀nà láti di ọ̀kan pẹ̀lú òrìṣà, èèwọ̀ ni fún Mùsùlùmí. Ariwo ta. Olórí ìjọba wọn nígbà náà, Abdullah Badawi, wá ṣàlàyé pé ìdárayá lásán tí kò ní ọfọ̀ kò sí nínú ohun tí a kọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn àlùfáà Indonesia pé jọ ní Padang Panjang, wọ́n sì sọ ohun tí ó jọ ọ́: èyí tí ó ní ààtò ẹ̀sìn jẹ́ háráámù, ìdárayá lásán kì í ṣe háráámù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ìjọba Saudi Arabia fi kíkọ́ni ní yógà sínú àwọn eré ìdárayá tí a lè gba ìwé àṣẹ fún. A kò fi ti Saudi ṣe ẹ̀rí ẹ̀sìn o, nítorí pé ilé iṣẹ́ ìṣòwò kì í ṣe Múfútì. A kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí a ti ń pariwo rẹ̀ ní àsàlátù.

Àwọn arákùnrin wa kan yóò fa hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá yọ, èyí tí ó ka ẹni tí ó fara wé ìjọ kan mọ́ ìjọ náà. Hádíìsì náà wúwo, a kò fojú kéré rẹ̀, ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn arákùnrin wa sì tọ́. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọ mìíràn wá ni fífarawé? Ní ọdún karùn-ún Híjírà, nígbà tí ogun yí Mọ̀dínà ká, Salman ará Páṣíà ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí a gbẹ́ kòtò yí ìlú ká. Àwọn ará Páṣíà, tí ọ̀pọ̀ wọn ń bọ iná nígbà náà, ni wọ́n ń ja ogun báyẹn. Ànábì wa kò sọ pé kòtò àwọn abọná ni. Òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ ẹ pẹ̀lú wọn, ó ru erùpẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìjọsìn wọn ni èèwọ̀. Kòtò kì í ṣe ìjọsìn. Orúnkún nínà náà kì í ṣe ìjọsìn.

Nítorí náà, ohun tí a ní kí Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi sílẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kí ó fi ìró "Om" sílẹ̀, nítorí pé ohun mímọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Kí ó fi ọfọ̀ gbogbo sílẹ̀, kí ó má sì jókòó síwájú ère tàbí àwòrán òrìṣà. Níbi tí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́ pọ̀ tí wọ́n ń tẹríba kí ara wọn ní ìparí, sàlámà ti tó àwa. Èyí tí a kò ní gbà rárá ni ọ̀wọ́ ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Surya Namaskar, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kíkí oòrùn. Àwa tí a kọ̀ fún láti forí kanlẹ̀ fún oòrùn àti òṣùpá nínú Súrà Fussilat, tí a tilẹ̀ kọ̀ fún láti kí ìrun àṣegbọrẹ ní àkókò tí oòrùn bá ń yọ gan-an, kí ni a ń wá nínú kíkí oòrùn? Àwọn Mùsùlùmí Íńdíà pàápàá ta ko ó ní 2015, nígbà tí ìjọba wọn ń múra àjọ̀dún yógà àgbáyé àkọ́kọ́ ti ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ètò ọjọ́ náà. Ìyá wa kò ṣe ọ̀kankan nínú wọ̀nyí. A béèrè nígbẹ̀yìn, a sì wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ìjókòó tí a ti pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí a jẹ́ kí orúnkún ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyẹ́ labalábá. Ìkúnlẹ̀ tí a fi ìdí lé gìgísẹ̀, tí a na ọwọ́ síwájú, tí a gbé iwájú orí lé ìrọ̀rí. (Ó jọ sùjúùdù lójú ẹni tí kò wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n nínú sùjúùdù, a kì í fi ìdí lé gìgísẹ̀, kò sì sí sùjúùdù fún ẹni tí kò gbé èrò ọkàn rẹ̀ fún un.) Ìdùbúlẹ̀ tí a ká orúnkún méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a tó yí i sí ìkejì. Ìfẹ̀yìntilẹ̀ tí a gbé ẹsẹ̀ gun ògiri. Lẹ́yìn náà, kí a sùn gbalaja, kí a má ṣe nǹkan kan.

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí a dé ibi tí ara bá gbà dé, kí a dúró síbẹ̀. Àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa a máa dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti tó o. Tí ó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sún un sí méjì. Imú ni kí ó fi mí, kí èyí tí ó ń mí sóde pẹ́ díẹ̀ ju èyí tí ó ń mí sínú lọ, kí ó má sì sé èémí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: fífà ni kí iṣan fà, kò gbọdọ̀ gún un. Bí ó bá gún un, tàbí tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, kí ó tú u. Kí ó má ṣe é lẹ́yìn àmàlà; kí oúnjẹ ti lọ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi ìrọ̀rí tàbí aṣọ tí a ká sábẹ́ orúnkún tí kò bá balẹ̀, kí ó má sì ti ara rẹ̀ nítorí pé ẹni inú fóònù balẹ̀. Ẹni inú fóònù ti ń ṣe é tipẹ́.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gbé orí sísàlẹ̀ ju àyà lọ fún ìgbà pípẹ́, kí ó sì rọra dìde kí òòyì má kọ́ ọ. Kí aláboyún, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ń fún pọ̀ láti inú wá kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ìdárayá da oògùn nù. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìṣègùn inú ara ní Amẹ́ríkà fi yógà sínú àwọn ohun tí a lè kọ́kọ́ fi tọ́jú ẹ̀yìn dídùn tí ó ti pẹ́, kí a tó ronú oògùn. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ń ṣe kò pọ̀ bí àwọn onípolówó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wà.

Àwa náà dán an wò, nítorí pé ẹ̀yìn ń dun àwa tí a ń jókòó yẹ ìwé ọmọ wò di òru. A ti ìlẹ̀kùn, a tẹ́ ẹní, a kúnlẹ̀, a gbé orí lé ìrọ̀rí. Ìṣẹ́jú kan péré ni a dá fún ara wa. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ọkàn wa ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ti yà kí ẹni tí ó jẹ wá lówó, ó ti bá ìyàwó wa ṣe àríyànjiyàn tí a rò pé a ti parí láti ọjọ́ Àìkú, ó sì tún gbèjà ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ara wa wà nílẹ̀, àwa kò sí nílé. Obìnrin inú fídíò náà kò bínú sí irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ pé kí a dá a padà síbi èémí, tí ó bá tún lọ, kí a tún dá a padà. Ní ọjọ́ kẹwàá ni a tó rí i pé a lè gbọ́ ìró èémí wa fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń dábàá pé kí a fi àsíkírì sí i, kí a pè é ní yógà ti Mùsùlùmí, iye Subhanallah báyìí fún ìkúnlẹ̀, iye báyìí fún ìdùbúlẹ̀. A kò gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rántí Ọlọ́run ní ìdúró, ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀, Àlùkùránì ti yìn ín nínú Súrà Aali Imraana. Ṣùgbọ́n kí a dá iye lé e, kí a so ó mọ́ ìjókòó kan, kí a pè é ní ìjọsìn, àdádáálẹ̀ ni yóò dà. Ìdárayá ni kí ó jẹ́, kí ó mọ níbẹ̀.

A gba ilé ìyá náà lọ láti dá ọ̀rọ̀ wa padà. A sọ fún wọn pé wọn kò ṣẹbọ, pé ìrun wọn wà níbi tí ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, pé àwa ni a yára sọ̀rọ̀. Wọ́n dupẹ́, wọ́n sì sọ ohun kan tí ó kó wa láyà sókè. Wọ́n ní, "Àlùfáà, kì í ṣe orúnkún nìkan ló bá mi ṣe. Ọmọbìnrin inú fóònù yẹn ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Ó ní kí n má sáré. Láti kékeré tí mo ti ń kírun, ẹ má bínú o, kò sí àlùfáà tó sọ fún mi rí pé kí n má sáré."

Kí ni a fẹ́ fọ̀ sí i? Ìwé Akhdari tí àwọn ọmọ wa ń kà kí wọ́n tó mọ ohunkóhun nínú Fíkíhì ka ìfarabalẹ̀, ìyẹn tumaanina, mọ́ ọ̀ran-anyàn ìrun. Wọ́n kà á sórí. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á kà á bí omi. Hádíìsì ọkùnrin tí ó kírun lójú Ànábì wa, tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, a ti sọ ọ́ níwájú wọn títí: bí Ànábì ṣe dá a padà nígbà mẹ́ta pé kí ó lọ tún un kí, pé kò tíì kírun, bí ó ṣe wá kọ́ ọ pé kí ó tẹ̀ títí ara yóò fi balẹ̀, kí ó dìde títí yóò fi nàró, kí ó forí kanlẹ̀ títí ara yóò fi balẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin náà kò gbàgbé rukúù kankan. Kò ṣẹ́ rákà kù. Eré ni ó sá.

Lẹ́yìn tí a kúrò nílé ìyá náà, a mú aago dání ní ọjọ́ kan, a dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n ń kí ìrun Àyílà. Wọ́n kí rákà mẹ́rin ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, sàlámà wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni ẹni tí ó ti mọ yógà ń lò lórí ìkúnlẹ̀ kan ṣoṣo. A fẹ́ bá ọmọ tí ó lémọ́mù wí, a wá rántí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti rí i. Nínú ààwẹ̀ tí ó kọjá, àwa ni a síwájú nínú taráwíìhì, tí àwọn ará àdúgbò ń yìn wá pé tiwa kì í pẹ́, a sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ má gbọ́ wa ní àgbọ́yé o. A kò fi yógà wé ìrun. A kò sì sí lára àwọn oníwàásù tí ń sọ pé ìrun ni ìdárayá tí ó dára jù, pé rukúù ń wo ẹ̀yìn sàn, pé sùjúùdù ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ẹni tí ó bá ń kírun nítorí ẹ̀yìn yóò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá san. A ń kírun nítorí pé Ọlọ́run pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun wá ni pé ìyá kan jókòó nínú mọ́ṣáláṣí fún ọgọ́ta ọdún, kí ó tó rí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó rọra, ó di inú fóònù, lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Imaamu Ghazali, tí ó kú ní 1111, ka ohun mẹ́fà tí ó jẹ́ ẹ̀mí ìrun, èyí tí ó fi ṣáájú nínú wọn sì ni kí ọkàn wà níbẹ̀. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tí ìka yóò wà nínú àtááyà. Ibi tí ọkàn yóò wà, a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá dàgbà.

Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ yógà mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, ojú kò tì í láti lo ìrọ̀rí, ìṣẹ́jú kan ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ti ń kírun láti ọmọ ọdún méje kò rò pé ohunkóhun kù tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá lè tún un bẹ̀rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí a mú rukúù kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, kí a dúró nínú rẹ̀ títí gbogbo oríkèé yóò fi balẹ̀, kí ó tó kan sùjúùdù lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kò ní gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan kún ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba tí a kò fi sílẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ pọ̀.

Láti táàmù tí ń bọ̀, ní ìyọ̀ọ̀da Ọlọ́run, ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú Fíkíhì ọjọ́ Alámísì yóò jẹ́ ti ìrun kíkí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, fún gbogbo kíláàsì, àwọn tí ó ti ṣe wòlímọ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ kí tirẹ̀ lójú wọn. Ìrun Àyílà ní ilé-kéwú kò sì ní wá sí òpin kí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó pé. Ìyá wa ti padà sórí ẹní rẹ̀. Orúnkún tí oṣù méjì ti dá padà sẹ́yìn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ báyìí, wọ́n sì ní àwọn kò kánjú. Wọ́n ṣì ń lo àga.

Àyípadà ìrun Àyílà yìí yóò mú kí àwọn ọmọ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń wá fi mọ́tò àti ọ̀kadà gbé wọn, a bẹ̀ yín, ẹ má fọn fèrè lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá wà lórí ìrun. Bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi sàlámà.